Bí Òdòdó Primrose Ṣe Di Aláwọ̀ Púpọ̀

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Ìjọ fi ń kọ́ àwọn olùkọ́, orúkọ òdòdó kan wà tí ó máa ń yọjú sí wa lóòrèkóòrè nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a ń kà. Primrose ni orúkọ náà. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa dìde, ó sì bi olùkọ́ wa pé, “Ẹ jọ̀wọ́, sà, irú òdòdó wo ni èyí í ṣe?” Olùkọ́ náà dáhùn pé, “Òdòdó kékeré kan ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ìyeyè tí kò tí ì pọ́n tán.” A kọ ọ́ sínú ìwé wa bẹ́ẹ̀, a sì kọjá lọ. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ìwé kan tí àwọn tí ń ta irúgbìn ní ìlú òyìnbó tẹ̀ jáde bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo ṣí i, mo sì bá àwòrán primrose pàdé: ọ̀kan pupa bí ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan dúdú bí aró, ọ̀kan elésè-àlùkò, ọ̀kan funfun báláú, òmíràn sì dúdú pẹ̀lú ìgbátí tí ó ń dán bí wúrà. Mo bi ara mi léèrè pé, “Ṣé olùkọ́ wa ṣì wá lọ́nà ni?” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọ pinpin ọ̀ràn náà. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ìtàn òdòdó yìí kì í ṣe ìtàn òdòdó nìkan. Ìtàn àwọn ènìyàn ni pẹ̀lú, àti ti ohun tí sùúrù ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Primrose ti inú igbó jẹ́ ewéko kúkúrú tí kì í ga púpọ̀ kúrò nílẹ̀. Ewé rẹ̀ gùn, ó hunjọ bí ojú arúgbó, ó sì tẹ́ sílẹ̀ yíká orí gbòǹgbò rẹ̀. Láàrin àwọn ewé wọ̀nyí ni ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ onírun wẹ́wẹ́ ti ń yọ, òdòdó kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ewé márùn-ún ni òdòdó náà ní. Àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ ṣì fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ pọ́n bí pupa ẹyin. Ó ń hù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Skọ́tíláǹdì, ní Írẹ́láǹdì, àti ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù Yúróòpù, lábẹ́ igi àti lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ bá tutù. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò dídì ti yọ́, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí ọ̀pọ̀ ewéko ṣì ń sùn, ni primrose máa ń tanná. Nítorí èyí ni a fi fún un ní orúkọ rẹ̀, tí ó ti inú èdè Látìnì wá, tí ó sì túmọ̀ sí òdòdó àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ìletò a máa já a láti fi ṣe ilé Ọlọ́run lọ́ṣọ̀ọ́ ní àkókò Àjíǹde.

Primrose kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní àbúrò kan tí ń jẹ́ cowslip, tí ń hù ní pápá gbangba. Òdòdó ti cowslip kéré, ó pọ́n jù ti primrose lọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń so jọ sórí ọ̀pá kan ṣoṣo, tí wọn a sì dorí kodò bí agogo. Nígbà tí Linnaeus, ọlọ́gbọ́n ará Sweden nì, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí orúkọ gbogbo ewéko jáde ní ọdún 1753, ó pe gbogbo ìdílé yìí ní Primula. Ìdílé náà gbòòrò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé lórí òkè gíga Yúróòpù àti ti Éṣíà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, primrose àti cowslip ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi sọ́kàn, nítorí láàrin àwọn méjèèjì ni ohun púpọ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Báwo ni ó ṣe wá di pé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yìí ní onírúurú aṣọ? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé àwọn ènìyàn la ojú wọn sílẹ̀. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún primrose tí ń hù nínú igbó, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan máa ń yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò náání yóò kọjá lọ. Ẹni tí ó náání yóò wú u, yóò sì lọ gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ní ọdún 1597, John Gerard tẹ ìwé ewéko rẹ̀ jáde ní London, primrose funfun tí ewé òdòdó rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1629, John Parkinson, apòògùn ará London, tẹ ìwé tirẹ̀ lórí òdòdó ọgbà jáde, ó sì ṣe àpèjúwe ọ̀pọ̀lọpọ̀ primrose àti cowslip tí ó ṣàjèjì. Òmíràn wà tí òdòdó kan ń yọ láti inú òdòdó kejì, bí ẹni ki ìbọ̀sẹ̀ kan bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kejì. Orúkọ tí wọ́n sì fún un nìyẹn. Òmíràn wà tí àwo ewé kékeré tí ó yẹ kí ó di ìdí òdòdó mú ti tóbi di ewé tútù gidi, tí òdòdó sì jókòó láàrin rẹ̀ bí ẹni wọ agbádá. Kò sí ẹni tí ó dá àwọn wọ̀nyí. Wọ́n kàn ṣẹlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó rí wọn, tí ó sì tọ́jú wọn, wọn ì bá ti kú sínú igbó láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Ìdáhùn kejì ni pé àlejò kan dé. Ní ìhà ìlà-oòrùn, láti ilẹ̀ Bọ́kánì títí dé ilẹ̀ Tọ́kì àti àwọn òkè Káúkásù, irú primrose kan wà tí ó jọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun gbogbo, àfi pé àwọ̀ tirẹ̀ jẹ́ ti òsùn fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ti elésè-àlùkò. Kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó dé àárín rẹ̀, òdòdó yìí ti dé ọgbà John Tradescant, alágbàtọ́jú ọgbà tí ó máa ń rin ìrìn àjò jìnnà láti wá ewéko tuntun. Ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ti gbin àgbàdo funfun sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo pupa mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e: nígbà ìkórè, wóró funfun àti wóró pupa yóò wà lórí ṣùkù kan náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti primrose. Oyin àti àwọn kòkòrò abìyẹ́ mìíràn gbé ìyẹ̀fun inú òdòdó àlejò lọ sára ti onílé, àwọ̀ pupa sì wọ inú ẹbí náà. Lọ́nà kan náà ni primrose àti cowslip gbà bí ọmọ pọ̀. Ọmọ náà gba òdòdó ńlá lọ́wọ́ primrose, ó sì gba ọ̀pá gíga tí òdòdó púpọ̀ ń so lé lórí lọ́wọ́ cowslip. Nígbà tí àwọ̀ pupa tún dà pọ̀ mọ́ ọn, a rí polyanthus, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí òdòdó púpọ̀. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni polyanthus pupa bẹ̀rẹ̀ sí í gbajúmọ̀ nínú ọgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì.

Mọ̀lẹ́bí primrose kan tún wà tí kò yẹ kí a fo orúkọ rẹ̀ dá, èyíinì ni auricula, tí ó wá láti orí àwọn òkè Alps. Ní ọdún 1573, Olú-Ọba Maximilian Kejì pe Clusius, ọlọ́gbọ́n ewéko tí ó ti ilẹ̀ Flanders wá, sí Vienna. Níbẹ̀ ni ó ti rí auricula kan nínú ọgbà ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kì í ṣe aláwọ̀ ìyeyè bí ti orí òkè. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti wá mọ̀ pé ọmọ tí auricula aláwọ̀ ìyeyè bá ìbátan rẹ̀ aláwọ̀ òsùn bí ni. Clusius gbìn ín, ó kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1583, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ó ti tàn kálẹ̀ dé Holland, dé Faransé, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ewé ọ̀pọ̀ auricula ní ìyẹ̀fun funfun lára bí ẹni pa àtíkè, bí òjò bá sì kán sí i, ẹwà náà bàjẹ́. Nítorí náà, àwọn ọlọ́rọ̀ a máa kọ́ pẹpẹ onípele tí ó ní òrùlé fún un, wọn a sì to ìkòkò òdòdó náà sórí rẹ̀ kí àlejò lè wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ìtàn náà ti wọ ni lọ́kàn. Àwọn tí ó mú polyanthus àti auricula dé ògógóró ẹwà wọn kì í ṣe àwọn ọlọ́rọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ni: àwọn ahunṣọ, àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn awakùsà, pàápàá jùlọ ní Lancashire àti àwọn ẹkùn àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú ilé ara rẹ̀ ni ahunṣọ ti máa ń hun aṣọ. Òfì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, ọgbà rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ẹní méjì tàbí mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Bí ìkùukùu òjò bá ṣú, ó lè fi òfì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, kí ó jáde lọ bo òdòdó rẹ̀, kí ó sì padà wá sídìí iṣẹ́. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ìgbà ìrúwé lọ́dọọdún, wọn a kó òdòdó wọn wá sí ilé ọtí abúlé, a ó to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, a ó sì fi ojú ìdájọ́ wò wọ́n. Kẹ́tùlù bàbà ni ẹ̀bùn tí ó gbajúmọ̀ láàrin wọn. Inú aya ahunṣọ a sì máa dùn láti gbé e kọ́ sí ibi tí àlejò yóò ti rí i.

Òdòdó tí ó jẹ́ ògo wọn ni polyanthus olójú wúrà. Àwọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí kí ó pupa pọ́n-ún. Àárín rẹ̀ yí roboto, ó sì dà bí wúrà. Ìlà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan ká, ó sì tún gba àárín ewé náà kọjá, débi pé ewé márùn-ún dàbí mẹ́wàá lójú ẹni tí ń wò ó. Ìlà náà kò gbọdọ̀ nípọn níbì kan kí ó tín-ín-rín níbòmíràn. Wúrà etí kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí wúrà àárín. Ẹni tí ó bá fojú inú wò ó yóò mọ̀ pé ojú ahunṣọ ni ó ṣe irú òfin yìí, ojú tí ó ti mọ́ra láti rí okùn kan tí ó ṣáko láàrin ẹgbẹ̀rún okùn. Wọ́n gbin irúgbìn, wọ́n yan èyí tí ó sàn jù, wọ́n da ìyókù nù. Wọ́n tún gbìn, wọ́n tún yàn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. A mọ orúkọ díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jùlọ ni ó ti lọ láìfi orúkọ sílẹ̀.

Òfin kan tún wà láàrin wọn tí ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Bí o bá wo ojú primrose tàbí polyanthus dáradára, ìwọ yóò rí i pé oríṣi méjì ni. Nínú àwọn kan, ohun roboto kékeré kan ni yóò yọjú ní àárín, bí orí abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún aṣọ pọ̀. Nínú àwọn mìíràn, ìdì òwú wẹ́wẹ́ márùn-ún tí ó ní ìyẹ̀fun ni yóò kún ojú ihò náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe oríṣi kejì yìí ni thrum, òun náà sì ni àwọn ahunṣọ fi ń pe ìdì òwú tí ó máa ń ṣẹ́kù sára òfì nígbà tí a bá gé aṣọ kúrò. Oríṣi thrum nìkan ni wọ́n ń gbà sí ìdíje. Bí o ti wù kí olórí abẹ́rẹ́ lẹ́wà tó, ẹ̀yìn ilé ni wọn yóò jù ú sí. Fún ìran dé ìran ni wọ́n ti mọ ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó béèrè ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀.

Charles Darwin ni ó béèrè. Ní ilé rẹ̀ ní abúlé Down ní Kent, ó fi àwọ̀n bo òdòdó kí kòkòrò má bàa dé ibẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyẹ̀fun láti inú òdòdó kan sí òmíràn. Ó rí i pé nígbà tí a bá mú ìyẹ̀fun thrum fún olórí abẹ́rẹ́, tàbí ti olórí abẹ́rẹ́ fún thrum, irúgbìn máa ń pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá mú un fún irú ara rẹ̀, irúgbìn a dínkù. Ìdí rẹ̀ nìyí: a pín òdòdó sí ọ̀nà méjì kí àwọn tí ó yàtọ̀ síra lè máa bá ara wọn ṣe pọ̀. Bí ó ti rí nínú àṣà wa pé a kì í fẹ́ ọmọ ilé ẹni, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí láàrin àwọn òdòdó wọ̀nyí. Ní ọdún 1861 ni a ka ìwé Darwin lórí ọ̀ràn yìí níwájú Ẹgbẹ́ Linnean ní London, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1862. Nígbà tí ó dàgbà, ó wí pé kò sí ìwárí kékeré kan tí ó fún òun ní ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ahunṣọ ti ń rí lójoojúmọ́ lórí tábìlì ilé ọtí ni ó fún ọlọ́gbọ́n náà ní ayọ̀.

Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà ni ọjọ́ ń rọ̀ fún àwọn ahunṣọ. Ẹ̀rọ tí ń hun aṣọ ti dé. Ẹni tí ó ti ń jókòó sídìí òfì nínú ilé rẹ̀ di ẹni tí fèrè ilé-iṣẹ́ ń pè ní kùtùkùtù, tí kì í padà wálé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ta ni yóò wá bo òdòdó nígbà tí òjò bá dé? Èéfín iná ilé-iṣẹ́ bo ojú ọ̀run, ilé tuntun sì gba ilẹ̀ tí ọgbà wà. Polyanthus olójú wúrà, tí ó ti ní orúkọ lóríṣiríṣi, bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lẹ́yìn àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní àwọn ọdún 1870, àwọn kan tí ó ṣì fẹ́ràn òdòdó wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ auricula àti primula sílẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ìyókù má bàa parun.

Ó yani lẹ́nu pé nígbà tí ti ọgbà ń kú lọ ni ti inú igbó di olókìkí. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1881, Benjamin Disraeli, tí ó ti jẹ́ olórí ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, kú. Ayaba Victoria fi òdòdó primrose ránṣẹ́ síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Hughenden, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé òdòdó tí olóògbé fẹ́ràn ni. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ọjọ́ yẹn ní Ọjọ́ Primrose, àwọn ènìyàn a sì máa fi òdòdó náà sí àyà aṣọ wọn. Ní ọdún 1883, àwọn ọ̀rẹ́ òṣèlú rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Primrose sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba obìnrin wọlé nígbà tí obìnrin kò tí ì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin, ó sì wà títí di ọdún 2004 kí a tó tú u ká.

Ẹ jẹ́ kí a padà sínú ọgbà. Obìnrin kan ní Surrey, Gertrude Jekyll, ẹni tí a bí ní ọdún 1843, ti fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dára tó fún un, ó sì fi ọgbà ṣe iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ní Munstead ó yan polyanthus funfun àti aláwọ̀ ìyeyè lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tọ́jú irúgbìn èyí tí ó dára jù, títí ó fi di irú kan tí a fi orúkọ ibẹ̀ pè. Ní Wisley, G. F. Wilson lépa ohun tí ọ̀pọ̀ rò pé kò lè ṣeé ṣe: primrose aláwọ̀ aró. Láti inú àwọn elésè-àlùkò ni ó ti yan èyí tí ó súnmọ́ aró díẹ̀, ó sì tún yàn láti inú ọmọ wọn, títí aró fi hàn gbangba. Ó kú ní ọdún 1902. Ní ọdún kejì a fi ilẹ̀ rẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Ọba fún Ọ̀gbìn Ọgbà, tí ó ní ọgbà ńlá níbẹ̀ títí di òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún bákan náà ni a rí primrose kékeré kan ní àwọn òkè Káúkásù, tí a fi orúkọ Julia, ọmọbìnrin tí ó rí i, sọ ní juliae. Ó kúrú, ó ń rá lórí ilẹ̀, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́ elésè-àlùkò tí ó le. Nígbà tí ó bá primrose ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ, a rí àwọn tí ó gbajúmọ̀ bí Wanda, tí ó wà nínú àìmọye ọgbà.

Ìtàn kan ṣì kù tí n kò lè ṣe aláìsọ. Ní ọdún 1935, nígbà tí ọ̀wọ́n owó gba gbogbo Amẹ́ríkà, obìnrin kan tí ń jẹ́ Florence Bellis ń gbé inú abà àtijọ́ kan ní Gresham ní ìpínlẹ̀ Oregon. Atẹ-dùùrù ni nígbà kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú nínú owó díẹ̀ tí ó kù, ó fi ra irúgbìn polyanthus lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Suttons ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn ì bá wí pé, “Ẹni tí ebi ń pa, kí ni ó fẹ́ fi òdòdó ṣe?” Ṣùgbọ́n obìnrin náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Kò fi ọ̀ràn náà lé oyin lọ́wọ́. Kí ìyẹ̀fun òdòdó tó gbó, yóò ti fa ewé òdòdó náà já pẹ̀lú ohun tí ó ru ìyẹ̀fun, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìyẹ̀fun láti inú èyí tí ó yàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti inú ìwọ̀nba irúgbìn yẹn ni ó ti mú àwọ̀ jáde tí ojú kò rí rí, a sì pe irú tirẹ̀ ní Barnhaven, nítorí abà tí ó fi ṣe ibi ìsádi. Nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Primrose Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní ọdún 1941, ó wà lára àwọn tí ó mú un dúró, òun ni ó sì kọ́kọ́ jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn rẹ̀.

Nígbà tí agbára rẹ̀ ń dínkù, kò ta iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó lówó jùlọ. Ní ọdún 1966 ó di irúgbìn rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí tọkọtaya kan tí ń gbé nítòsí Kendal ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó ti ń ra irúgbìn lọ́wọ́ rẹ̀. Irúgbìn tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá òkun ní ọdún 1935 padà sílé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ. Láti ibẹ̀ ni ó tún ti kọjá sí Brittany ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1990, níbi tí ọwọ́ mìíràn ti gbà á.

Èyí mú mi rántí primrose tí ewé òdòdó rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po, irú èyí tí Gerard mọ̀ ní ọdún 1597. Nínú òdòdó bẹ́ẹ̀, àwọn ohun tí ó yẹ kí ó ru ìyẹ̀fun ti di ewé òdòdó. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè so irúgbìn rárá. Báwo ni ó ṣe wà láàyè fún irínwó ọdún? Gẹ́gẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí à ń jẹ kò ní irúgbìn. Bí baba kò bá wú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, tí aládùúgbò kò sì bù fún aládùúgbò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìbá ti parẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa wú primrose yìí, kí a pín gbòǹgbò rẹ̀ sí ọ̀nà púpọ̀, kí a sì tún un gbìn sínú ilẹ̀ ọlọ́ràá. Bí a bá fi í sílẹ̀ lójú kan, a rù, a sì kú. Àwọn ìyá ilé ní Írẹ́láǹdì àti ní Skọ́tíláǹdì ni ó pa á mọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ, nípa bíbu ìdì kan fún ìyàwó tuntun, tàbí fún ẹni tí ó wá kí wọn. Lẹ́yìn náà àrùn wọ inú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì sọnù. Ní àwọn ọdún 1980 ni àwọn ọlọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀kín kékeré ara rẹ̀ gbin tuntun nínú ìgò, èyí tí ó dá díẹ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ padà sí ọjà.

Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ti rí. Ẹni tí ó há primrose yìí mọ́ra, tí ó wí pé, “Tèmi nìkan ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní irú rẹ̀,” pàdánù rẹ̀ bí òtútù kan bá jà nínú ọgbà rẹ̀. Ẹni tí ó ti fún aládùúgbò rẹ̀ lè lọ tọrọ tirẹ̀ padà. Mo ti rí bí ọ̀pọ̀ ohun rere ṣe kú láàrin wa nítorí pé ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò kọ́ ọmọ rẹ̀, tàbí nítorí pé ó ń dúró de ẹni tí yóò san owó ńlá. Ìtàn òdòdó yìí dá wa lẹ́bi.

Lónìí, primrose aláràbarà ti di ohun tí a ń tà nínú ìkòkò kékeré ní gbogbo ìlú Yúróòpù nígbà òtútù, owó díẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n ti inú igbó pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. Nígbà kan rí, àwọn ènìyàn a máa wú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò láti lọ tà. Òfin tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1981 kà á léèwọ̀ láti wú ewéko igbó kankan láìgba àṣẹ onílẹ̀. Níbi tí ọgbà bá sì súnmọ́ igbó, oyin ń gbé ìyẹ̀fun àwọn aláwọ̀ pupa lọ sára ti igbó, àwọn ọmọ aláwọ̀ òsùn sì ń hù lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí àwọn aláwọ̀ ìyeyè ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn kan rí i, inú wọn dùn. Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé ọmọ yóò lé baba kúrò nílé.

Nísinsin yìí mo lè dáhùn ìbéèrè tí mo bi ara mi. Olùkọ́ wa kò ṣì wá lọ́nà. Òdòdó tí ó wí ni orísun, òun ni ó sì ṣì ń tanná lẹ́bàá ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ìyókù tó jí. Ìwé tí ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò purọ́ pẹ̀lú. Láàrin àwọ̀ ìyeyè kan ṣoṣo àti àwọn àwọ̀ tí ó kún ojú ìwé yẹn ni irínwó ọdún wà, àti ahunṣọ tí ó dìde nídìí òfì rẹ̀ lọ bo òdòdó, àti ìyá ilé tí ó bu ìdì kan fún àlejò rẹ̀, àti obìnrin inú abà tí ó ní owó díẹ̀ lọ́wọ́ tí ó fi ra irúgbìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti wí pé kí ni èrè rẹ̀, àwòrán náà ì bá má sí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ni ó wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa tí a gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó ti lọ, ta ni a ó sì bù ú fún kí ilẹ̀ tó ṣú?